Omi Inú Ọ̀rá Ni Wọ́n Fi Wẹ Ìyá Ràmọ́nì

Ìyá Ràmọ́nì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú oṣù tó kọjá, ní abúlé Ìdí-Igbá lẹ́yìn Kòmu. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, wọ́n ti gbẹ́ sàréè, aṣọ funfun ti wà nílẹ̀, àlùfáà ti ṣe àlùwàlá. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọn kò rí. Wọn kò rí omi tí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe pé odò gbẹ. Odò Olókùúta kún dẹ́nu. Ó ń ṣàn lẹ́yìn abúlé náà bó ti ń ṣàn kí wọ́n tó bí àwọn baba wa, bí ẹ bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé olóògbé, ẹ óò máa gbọ́ ìró rẹ̀. Ṣùgbọ́n olóògbé ti sọ nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fi omi odò yẹn kan òun. Nítorí náà Ràmọ́nì ọmọ rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Kòmu, ó sì di àpò píọ̀ wọ́tà mẹ́fà bọ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Àwọn obìnrin ń fi eyín ya ọ̀rá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tú u sínú bàsíà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wẹ obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wẹ òkú àwọn ẹlòmíràn.

Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí níta, mò ń gbọ́ bí ọ̀rá ṣe ń ya, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn. N kò sunkún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí, n kò sì tíì sunkún. Ó dà bí ẹni pé ibi tó yẹ kó máa dùn mí ti kú tipiri. Torí náà, ẹ má retí pé kí n pariwo nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ohun tí mo rí àti ohun tí wọ́n sọ fún mi ni n óò kọ, n óò sì béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè.

Àsíátù ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Iṣu, ẹ̀gúsí àti gbágùúdá ló ń gbìn. Láàárín àwa Mùsùlùmí ibẹ̀, obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin, òun náà ló sì ń wẹ ti ọmọdé. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń du. Ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, n kò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n wá pè é, ó ní òun kò ráyè.

Òun ló wẹ ìyá mi. Èmi ni mo ń gbé omi dé ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń bá òkú sọ̀rọ̀. "Ìyá Kàdírì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lápá yín. Ẹ ṣeun. Ó ku èkejì." Bí mo bá gbé omi dé, ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dà á sí. Nígbà kan ó ní kí n gbé e padà sórí iná, ó ti tutù jù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo bi í pé ṣé òkú mọ òtútù ni. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ọwọ́ tèmi mọ̀ ọ́n," ló wí.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣe. Kànrìnkànrìn tó bá fi wẹ òkú kan, kò ní fi wẹ òmíràn láéláé. Yóò sin ín sẹ́bàá ilé pẹ̀lú ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù. Nítorí ìyẹn ló ṣe gbin kànrìnkànrìn sẹ́yìn ilé rẹ̀, tó fà títí ó fi bo gbogbo ọgbà náà. Bó bá so, tó gbó, tó gbẹ, yóò fi í sílẹ̀ lórí ìtàkùn títí wọn yóò fi wá pè é. Òkú kan, kànrìnkànrìn kan. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, yóò já àwọn tó bá ṣẹ́kù, yóò sì pín wọn fún àwọn tó fẹ́ fọ ìkòkò, nítorí pé ìtàkùn náà máa ń so ju òkú abúlé náà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àwọn awakùsà dé òkè odò. Wọ́n ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí i, wọ́n á nà án sókè fún un láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n ń fọ́ àpáta, wọ́n ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fọ ohun tí wọ́n lọ̀ náà nínú Odò Olókùúta láti ṣa góòlù inú rẹ̀. Góòlù ń bá ọkọ̀ lọ. Èyí tó kù ń bá odò bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Láàárín oṣù mélòó kan, omi náà ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Kí ni àwọn ará Ìdí-Igbá ṣe? Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí omi kànga látọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ṣe. Wọ́n ra álọ́ọ̀mù lọ́jà Kòmu, wọ́n jù ú sínú ìkòkò omi, wọ́n rò ó yíká, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó tòrò. Ẹrẹ̀ á rì sísàlẹ̀, omi á mọ́ gaara lókè. Wọ́n mu ún. Wọ́n fi se oúnjẹ. Wọ́n fi po ẹ̀kọ fún ọmọ ọwọ́. Gbogbo wa pátá la ti gbà pé omi tó bá ti tòrò ti mọ́ náà nìyẹn.

Kò sí ẹni tó wá sọ fún wọn pé òjé, májèlé tí òyìnbó ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, wà nínú àpáta tí wọ́n ń lọ̀ lókè odò. Kò sí ẹni tó sọ pé òjé tó bá ti wọnú omi kì í bá ẹrẹ̀ rì tán, pé ojú kò lè rí i, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ mọ̀. Ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ́? Ọ́fíìsì ìjọba kan wà tó ń bójú tó omi. Ó ní àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ omi sí lára gàdàgbà. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ síwèé pé àwọn dé lárààárọ̀. Ibi tí wọ́n ń dé sí ni n kò mọ̀.

Àwọn ọmọdé ni àìsàn kọ́kọ́ mú. Inú á máa run wọ́n, wọn ò ní lè jẹun, wọ́n á máa sùn lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn náà gìrì á gbé wọn. Wọ́n ní ibà ni. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí, nọ́ọ̀sì fún wọn ní oògùn ibà, nítorí pé oògùn ibà nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. N kò dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn náà wọ́n á wá pe Ìyá Ràmọ́nì.

Ní ọdún kejì tí àwọn awakùsà dé, ó lọ sẹ́yìn ilé láti já kànrìnkànrìn, kò sì bá ẹyọ kan tó gbẹ. Ó ní òun dúró síbẹ̀, òun gbójú sókè, òun wo ìtàkùn náà láti igun kan dé ìkejì. Ewé nìkan ló wà níbẹ̀, àti ìwọ̀nba èso tútù. Obìnrin tí kò lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kan ṣoṣo láyé rẹ̀ ló dúró sẹ́yìn ilé, tó wòkè, tó sì mọ ohun tí ọ́fíìsì tó kún fún àwọn tó kàwé kò tíì mọ̀ títí di òní.

Ramlah ló fẹ́ já a fún lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ràmọ́nì ló bí i, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ń gbé. Waheedat, obìnrin tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú lọ́wọ́ rẹ̀, ló sọ fún mi pé èso tútù náà ni ìyá já nígbẹ̀yìn. Ó bó o, ó ń fi ọwọ́ rún un títí ó fi rọ̀, ó sì wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kó fún òun lápá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí omi mìíràn nílé, omi odò yẹn náà ló fi wẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń lọ bá ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tó ṣe, nítorí pé ọdún méjì rèé tí àwọn kan ti ń fi àṣìṣe yẹn sùn dáadáa. Ó fi ọṣẹ fọ ìgò méjì. Ó lọ bu omi lódò. Nígbà tó gbé e délé, tó wo bó ṣe rí, ojú tì í. Ṣé omi ẹlẹ́rẹ̀ ni yóò gbé lọ síwájú ẹni ńlá? Ṣé ẹrẹ̀ la ń bù fún ènìyàn nínú ilé wa? Ó ju álọ́ọ̀mù sí i, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó wá rọ ọ́ sínú ìgò méjèèjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹrẹ̀ náà gan-an ló yẹ kó gbé lọ. Ọmọlúwàbí ni, ìwà ọmọlúwàbí ló sì hù.

Waheedat ló bá a lọ. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì omi yẹn láti aago mẹ́sàn-án títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì kí wọ́n tó ní kí wọ́n wọlé. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ gbé ìgò kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ìyá, omi yìí mà mọ́ o. Kín ló ṣe é?"

"Ọmọ ń kú nídìí ẹ̀, ọ̀gá."

"Ọmọ mélòó?"

Ìyá Ràmọ́nì ronú. Kì í kọ wọ́n sílẹ̀, orúkọ wọn ló mọ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n. "Ọ̀gá, kànrìnkànrìn ẹ̀yìn ilé mi ti tán lórí ìtàkùn."

"Ìyá, a ò ra kànrìnkànrìn níbí."

Waheedat ní àwọn tó wà nínú yàrá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ ṣàlàyé, ọ̀gá náà ní kí wọ́n lọ kọ lẹ́tà. Ó tún gbé ìgò náà wò. "Ẹ wò ó, tilé mi gan-an ò mọ́ tó báyìí."

Mo ti bi Waheedat ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹta: ṣé ọ̀gá yẹn tọ́ ọ wò? Omi tó mọ́ ju tilé rẹ̀ lọ, ṣé ó mu ẹnu kan níbẹ̀? Ó ní rárá. Ó ní ó gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì fi híńkáṣífù nu ọwọ́.

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì omi, ṣé ojú ni ẹ fi ń yẹ omi wò níbẹ̀? Kí ni ẹ wá ń fi àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rà fún yín ṣe? Odò náà kò jìnnà. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yín tó sì ra àgbàdo méjì, kò ní jẹ ẹ́ tán kó tó débẹ̀. Bí ẹnì kan péré nínú yín bá ti dé etí odò, ì bá ti rí i fúnra rẹ̀, ìyá kì bá sì máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé. Àbí ọ̀nà amọ̀ pupa yẹn ni ẹ kò fẹ́ kó ba bàtà yín jẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹ jáde lọ́jọ́ kan, kí n má parọ́ mọ́ yín. Ẹ jáde lọ́jọ́ àyájọ́ omi lágbàáyé. Ẹ dá fìlà, ẹ dá ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ rìn yí ìlú ká, ẹ sì gbé pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé omi ni ẹ̀mí. Mo rí fọ́tò yín. Gbogbo yín ló mú omi inú ike lọ́wọ́.

Kí ẹ má baà rò pé ẹ̀yin nìkan ni mo ń bá wí, èmi ló fún ní ìgò kejì. Ó ti tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ọ́fíìsì yín dé. Nígbà tí mo wá kí wọn lọ́dún Iléyá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Kàdírì, ìwọ lo mọ àwọn tó mọ̀wé. Bá mi bi wọ́n." Mo ní ẹ má ṣèyọnu, màmá. Mo gbé e dé Ìbàdàn, mo gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Omi náà mọ́. Mò ń wò ó lójoojúmọ́, mo sì ń kọ nípa ìbò, nípa bọ́ọ̀lù, nípa òṣèré tó kọ ọkọ sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Èmi náà, ojú ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ó kọ́kọ́ ní ó kàn ń rẹ òun ni. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, ìtọ̀ kò wá déédéé mọ́. Kò lè gbé bàsíà mọ́, Waheedat ló ń bá a gbé e, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń da omi sí kí wọ́n tó dà á sára òkú. Ṣé òjé ló pa á? N kò mọ̀. Kò sí dókítà kankan tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Ìyá tó bí i lò tó àádọ́rùn-ún ọdún, etí odò kan náà ló sì gbé.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó mọ omi náà, ó sì ń mu ún, nítorí pé kò sí òmíràn. Ìgbà tó kú ló tó rí omi mìíràn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, Àlùfáà Ṣùkúrù ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi erùpẹ̀ pa á lára dípò omi, pé ẹ̀sìn gbà bẹ́ẹ̀ níbi tí kò bá sí omi tàbí tí omi bá lè pani lára. Ohun tó wí kò burú. Ṣùgbọ́n Waheedat kò gbà. Ó kúnlẹ̀ síwájú wọn.

"Àlùfáà, ẹ má bínú sí mi. Màmá ò fi erùpẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lára rí. Ẹ jẹ́ á dúró de Ràmọ́nì."

Wọ́n dúró de Ràmọ́nì. Nígbà tí omi dé, Waheedat lọ sẹ́yìn ilé. Kànrìnkànrìn kan ṣoṣo ló wà lórí ìtàkùn, Ìyá Ràmọ́nì sì ti fi òwú pupa so ó kí ẹnikẹ́ni má já a, torí èyí tó fẹ́ fi ṣe irúgbìn ni. Waheedat já a. Ó gbọn kóró inú rẹ̀ sínú àwo. Lẹ́yìn náà ó da omi sẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lápá yín."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìgò tó wà lórí tábìlì mi lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ omi wò ní Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbà wọ́n. Wọ́n ní òjé inú rẹ̀ tó ìlọ́po ogún èyí tí òfin gbà kó wà nínú omi mímu. Omi tí wọ́n ti ju álọ́ọ̀mù sí nìyẹn, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun sẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tèmi àti ọdún méjì tiyín. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níwájú ibẹ̀, mo ń wo ìwé èsì náà. Ojú ń tì mí, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ béèrè. Ta ló fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí àwọn awakùsà yẹn ń nà sókè, ìgbà wo ni ẹni náà sì débẹ̀ kẹ́yìn? Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá tó ní omi náà mọ́ ju tilé òun lọ, kó jáde kó wá sọ ọ́ fún àwọn tó bímọ níbẹ̀, ní Ìdí-Igbá, kó sì mu ife kan lójú wọn. Ẹ dá fífọ àpáta nínú odò yẹn dúró lónìí. Títí tí odò yóò fi ṣeé mu, ẹ máa gbé omi lọ fún wọn nínú àwọn ọkọ̀ tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ omi sí lára, wọ́n á lè rí ohun tí àwọn ọkọ̀ náà wà fún. Ẹ rán dókítà lọ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó kù, kí ẹ sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Ìgò àkọ́kọ́ sì wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ wá a jáde. Ó yẹ kó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo padà sí Ìdí-Igbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Waheedat ti gbin kóró inú àwo yẹn sí ibi tí ìtàkùn àtijọ́ wà. Gbogbo rẹ̀ ló hù. Omi odò ló ń bù rin ín, torí òun náà ló wà. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó so, kó gbó, kó gbẹ. Ó ní bí oṣù márùn-ún ni. Ó ń fi ọwọ́ tún ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ṣe.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn," ló wí, "mi ò fẹ́ já a."

Oṣù kan ti lọ nínú márùn-ún náà.